Ọ́síjìn kò tó nínú kókó jẹjẹrẹ: kí ni ká kọ sínú ìlànà iṣẹ́ kí ìtànṣán lè ṣiṣẹ́ dáadáa?

Akẹ́kọ̀ọ́-Ìtànṣán

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ẹ̀ka tí mo ti ń kọ́ṣẹ́ fẹ́ tún ìlànà iṣẹ́ rẹ̀ kọ fún jẹjẹrẹ ẹnu ọ̀nà ilé ọmọ àti ti orí òun ọrùn, èmi ni wọ́n sì ní kí n kọ abala tó dá lórí àìtó ọ́síjìn. Mo mọ̀ pé sẹ́ẹ̀lì tí ọ́síjìn rẹ̀ kò tó máa ń fẹ́ ìtànṣán tó tó ìlọ́po mẹ́ta kó tó kú. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dojú rú mọ́ mi lọ́wọ́ ni ohun tó yẹ ká ṣe sí i.

Ṣé ká kàn fi ìbòmú ọ́síjìn sí aláìsàn nímú tó bá ti sùn sórí ẹ̀rọ ni? Kí ló dé tí wọ́n ń lo oògùn nimorazole ní Dẹ́nmáàkì tí ọ̀pọ̀ ilẹ̀ mìíràn kò lò ó? Àwọn obìnrin tó ń wá sọ́dọ̀ wa, ẹ̀jẹ̀ ti dà lára wọn fún ìgbà pípẹ́, PCV wọn (ìdá ọgọ́rùn-ún ẹ̀jẹ̀ tó jẹ́ sẹ́ẹ̀lì pupa) sábà máa ń wà láàárín 22 sí 26. Iye wo ló yẹ ká gbé e dé? Ṣé abẹ́rẹ́ EPO, tó ń mú kí ara ṣe ẹ̀jẹ̀ sí i, kò lè rọ́pò ẹ̀jẹ̀, nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ṣọ̀wọ́n?

A kò ní ẹ̀rọ àwòrán PET, a kò sì ní gáàsì carbogen (ọ́síjìn tí wọ́n po CO2 díẹ̀ mọ́). Linac kan (ẹ̀rọ tó ń ta ìtànṣán láti òde) àti ẹ̀rọ brachytherapy HDR kan (èyí tó ń gba inú ọ̀pá gbé ìtànṣán dé inú ara) la ní. Ẹ bá mi fi iye àti àkókò sí i, torí ohun tí a bá kọ sílẹ̀ ni àwọn nọ́ọ̀sì àti radiographer yóò máa tẹ̀ lé.

---

Oníṣirò-Gray

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìdí rẹ̀, torí ìdáhùn ìbéèrè ìbòmú yẹn wà níbẹ̀.

Bí ìtànṣán X bá wọ inú ara, omi inú sẹ́ẹ̀lì ló ń bá pàdé jù. Ó ń fọ́ omi náà sí àwọn ègé tí ara wọn kò balẹ̀, àwọn ègé wọ̀nyí ló sì ń ṣe okùn DNA léṣe. Bí glutathione (èròjà kan nínú sẹ́ẹ̀lì) bá tètè fún ojú egbò náà ní hydrogen, egbò náà san, àfi bí ẹni pé kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀. Bí ọ́síjìn bá wà nítòsí, òun ni yóò kọ́kọ́ lẹ̀ mọ́ ojú egbò náà, sẹ́ẹ̀lì kò sì ní lè tún un ṣe wẹ́rẹ́ mọ́. Gbogbo èyí ń parí láàárín ìdá díẹ̀ nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá kan. Nítorí náà, inú sẹ́ẹ̀lì ló yẹ kí ọ́síjìn wà nígbà tí ìtànṣán ń bọ́ sí i gan-an. Èyí tó bá dé lẹ́yìn tí ẹ̀rọ ti kú ti pẹ́ jù.

Ní ti iye: fún ìtànṣán X àti ti cobalt, ìyàtọ̀ náà jẹ́ ìlọ́po 2.5 sí 3. Kì í sì í ṣe pé bí ọ́síjìn bá ṣe ń pọ̀ sí i náà ni agbára ìtànṣán yóò máa pọ̀ sí i lọ. Láti 0 dé nǹkan bí 3 mmHg (ìwọ̀n agbára gáàsì), a ti jẹ ìdajì àǹfààní náà tán. Tó bá ti dé 20 sí 30 mmHg, ó ti dúró. Afẹ́fẹ́ tí à ń mí sínú jẹ́ nǹkan bí 160 mmHg, púpọ̀ nínú ẹ̀yà ara tó dá ṣáṣá ló sì ti wà níbi tó ti dúró yẹn. Ìdí nìyẹn tí àfikún ọ́síjìn fi ń jẹ́ kí kókó túbọ̀ kú, tí ìpalára ara yòókù kì í fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ sí i.

Ọdún 1955 ni Thomlinson àti Gray (Gray kan náà tí a fi orúkọ rẹ̀ pe Gy, òṣùwọ̀n ìtànṣán) wo gígé kókó ẹ̀dọ̀fóró lábẹ́ ẹ̀rọ amúǹkantóbi. Wọ́n rí i pé sẹ́ẹ̀lì tó súnmọ́ iṣan ẹ̀jẹ̀ wà láàyè, èyí tó jìnnà ti kú. Ọ́síjìn kì í rìn ju nǹkan bí 100 sí 150 màíkírómítà lọ kí àwọn sẹ́ẹ̀lì ojú ọ̀nà tó lò ó tán. Sẹ́ẹ̀lì tó wà ní ẹnu ààlà yẹn, tí kò tíì kú tí kò sì rí ọ́síjìn tó, òun ló ń fa wàhálà. Irú kejì tún wà: iṣan ẹ̀jẹ̀ inú kókó a máa dí fún ìṣẹ́jú mélòó kan sí wákàtí díẹ̀, á sì tún là. Oògùn tó bá ń ran irú kan lọ́wọ́ lè má ran ìkejì. Nicotinamide (irú fítámì B3 kan) wà fún irú kejì, carbogen wà fún irú àkọ́kọ́, ìdí sì nìyẹn tí wọ́n fi máa ń lo méjèèjì pọ̀.

Wàyí o, ìṣirò. Ẹ mú α = 0.3 àti β = 0.03 (nọ́ńbà méjì tó ń sọ bí ìtànṣán ṣe ń pa sẹ́ẹ̀lì tó) gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ. Ní 2 Gy, 0.49 nínú sẹ́ẹ̀lì tó ní ọ́síjìn ló máa ṣẹ́kù. Sẹ́ẹ̀lì tí kò ní, tí a bá lo ìlọ́po 3, bí ẹni pé 0.67 Gy ló gbà ni: 0.81 ló máa ṣẹ́kù.  Ẹ jẹ́ ká ṣe é ní ìgbà ọgbọ̀n, ìyẹn 60 Gy, nínú kókó tó ní sẹ́ẹ̀lì bílíọ̀nù kan, tí ìdá 10% nínú wọn kò rí ọ́síjìn. Nínú àwọn tó ní ọ́síjìn, kò ní sí ẹyọ kan tó máa ṣẹ́kù (0.4). Nínú àwọn tí kò ní, nǹkan bí 166,000 ló máa ṣẹ́kù.

Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ló rí lóòótọ́ ni, kò sí kókó ńlá kan tí ìtànṣán ìbá wò sàn. Ṣùgbọ́n wọ́n ń sàn. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé bí àwọn sẹ́ẹ̀lì ẹ̀bá iṣan ẹ̀jẹ̀ ṣe ń kú, wọn kò lo ọ́síjìn mọ́, kókó ń sún kì, ọ́síjìn sì ń dé ọ̀dọ̀ àwọn tó wà lẹ́yìn. Ní ọjọ́ kejì, àwọn wọ̀nyẹn náà ti wà ní ipò tí ìtànṣán yóò fi pa wọ́n. Pípín ìtànṣán sí ọjọ́ púpọ̀ yìí gan-an ni oògùn àkọ́kọ́ fún àìtó ọ́síjìn, kò sì sí ẹ̀ka tí kò ní in. Ẹni tó bá fẹ́ fi ìtànṣán ńlá ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo rọ́pò rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ̀ pé àǹfààní yìí lòun ń jù nù, kó sì fi ìwọ̀n tó ga dí i.

---

Dókítà-Jẹjẹrẹ

Ẹ ṣeun, Oníṣirò. Ẹ jẹ́ kí èmi sọ èyí tí wọ́n ti dán wò lára èèyàn, torí ohun tó dára lára eku kì í sábà dára bẹ́ẹ̀ lára aláìsàn.

Àbúrò, ìbòmú ọ́síjìn lásán kò tó. Haemoglobin ẹni tí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ dára ti kún dé 97 sí 98% kí ẹ tó fi ìbòmú sí i. Ọ́síjìn tí ẹ ń fi kún un kò ju èyí tó lè yòrò sínú omi ẹ̀jẹ̀ lọ, ìyẹn 0.003 ml nínú 100 ml ẹ̀jẹ̀ fún mmHg kọ̀ọ̀kan. Tó bá gòkè láti 100 dé 500 mmHg, 1.2 ml péré lẹ fi kún un. Ẹ fi wé ẹ̀jẹ̀: giráàmù haemoglobin kan ń gbé nǹkan bí 1.34 ml. Obìnrin tí Hb (haemoglobin) rẹ̀ kúrò ní 8 tó dé 10 ti rí nǹkan bí 2.7 ml gbà, yóò sì wà lára rẹ̀ tọ̀sán tòru. Lẹ́yìn náà, ọ́síjìn ògidì a máa jẹ́ kí iṣan ẹ̀jẹ̀ fún, ó lè gba apá kan ohun tó mú wá padà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń po CO2 díẹ̀ mọ́ ọn tó fi di carbogen.

Wọ́n gbìyànjú láti fi agbára tì í wọlé. Láti àwọn ọdún 1950 ni Churchill-Davidson ti ń fún aláìsàn ní ìtànṣán nínú àgbá ọ́síjìn ní ilé ìwòsàn St Thomas' ní Lọ́ńdọ̀nù, ní ìlọ́po mẹ́ta agbára afẹ́fẹ́. Ó ran jẹjẹrẹ orí òun ọrùn àti ti ẹnu ọ̀nà ilé ọmọ lọ́wọ́ nínú àwọn ìwádìí kan, pàápàá níbi tí wọ́n ti lo ìpín ńlá díẹ̀. Ṣùgbọ́n gìrì a máa mú àwọn kan, etí a máa dun wọ́n, iná sì jẹ́ ewu ńlá nínú ọ́síjìn ògidì. Wọ́n pa á tì.

Carbogen pẹ̀lú nicotinamide: èyí ni mo gbà pé ẹ̀rí rẹ̀ lágbára jù lónìí, àpò ìtọ̀ ni wọ́n sì ti rí i. Ìwádìí BCON ní Bìrìtéènì, aláìsàn 333, wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2010: lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, 59% ló wà láàyè nínú àwọn tó gbà á, 46% nínú àwọn tó gba ìtànṣán nìkan. Ní Nẹ́dálándì, ìwádìí ARCON lórí gògóńgò (aláìsàn 345, 2012) kò fi ìyàtọ̀ hàn nínú gògóńgò fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní apá ọrùn, 93% ni jẹjẹrẹ kò padà sí, 86% nínú àwọn yòókù. Nínú àwọn tí àyẹ̀wò pimonidazole fi hàn pé ọ́síjìn kókó wọn kò tó, ó jẹ́ 100% sí 55%. Ẹ tẹjú mọ́ ìlà tó kẹ́yìn yẹn dáadáa. Àwọn tí àìtó ọ́síjìn ń bá jà ni oògùn náà ràn lọ́wọ́.

Nimorazole: ó ń ṣe iṣẹ́ ọ́síjìn lójú egbò DNA, sẹ́ẹ̀lì kì í sì í lò ó tán lójú ọ̀nà bí ó ṣe ń lo ọ́síjìn, nítorí náà ó ń rìn jìnnà. Ìwádìí DAHANCA 5 ní Dẹ́nmáàkì (1998, ó lé ní 400 aláìsàn, ọ̀fun àti òkè gògóńgò) gbé e jáde: lẹ́yìn ọdún márùn-ún, jẹjẹrẹ kò padà yọ ní orí òun ọrùn lára 49%, 33% fún àwọn tó gba oògùn òfìfo. Látìgbà yẹn ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó níbẹ̀. Àwọn ilẹ̀ mìíràn ń retí ìwádìí kejì, ìwádìí kejì náà sì dé, kò dára: èyí tí EORTC (ẹgbẹ́ ìwádìí jẹjẹrẹ ti Yúróòpù) ṣe pẹ̀lú oògùn jẹjẹrẹ cisplatin kò fi àǹfààní kankan hàn, NIMRAD ní Bìrìtéènì (àgbàlagbà àti àwọn tí ara wọn kò gba cisplatin) kò fi hàn bákan náà, kódà nínú àwọn tí àyẹ̀wò jíìnì ní ọ́síjìn wọn kò tó. Èmi kò ní kọ ọ́ sínú ìlànà tuntun.

Tirapazamine ló yẹ kí gbogbo ẹ̀ka kọ́ ẹ̀kọ́ lára rẹ̀. Oògùn tó ń pa sẹ́ẹ̀lì tí kò ní ọ́síjìn ni. Ìwádìí HeadSTART gba aláìsàn 861, àbájáde rẹ̀ ní 2010 ni pé kò fi nǹkan kan kún cisplatin. Nígbà tí wọ́n tún àwòrán ìtànṣán gbogbo aláìsàn yẹ̀ wò, wọ́n rí àwọn tí ètò ìtànṣán wọn kù díẹ̀ káàtó débi tó lè pa wọ́n lára: 50% nínú wọn ló wà láàyè lẹ́yìn ọdún méjì, 70% nínú àwọn tí ètò tiwọn péye. Ní ti wíwà láàyè, ìyàtọ̀ ogún yẹn pọ̀ ju ohun tí oògùn àìtó ọ́síjìn kankan tíì fún wa lọ. Kí ẹ tó wá gáàsì tàbí oògùn, ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn máa yẹ ojú ibi tí ẹ fa ìlà yí ká kókó wò kí aláìsàn tó bẹ̀rẹ̀.

---

Ìyá-Linac

Ẹ kú àlàyé o. Radiographer ni mí, ojú ẹ̀rọ ni tèmi. Mo mọ̀ pé àbúrò wa ní àwọn kò ní carbogen, ṣùgbọ́n ẹ kọ ìlànà rẹ̀ sílẹ̀, torí bí wọ́n bá rà á lọ́la, àkókò ló máa ń bà á jẹ́.

Irú èyí tí BCON lò ni 98% ọ́síjìn pẹ̀lú 2% CO2. 5% CO2 tí wọ́n ń lò látijọ́ a máa jẹ́ kí aláìsàn máa mí helehele, ọ̀pọ̀ ló sì ń yọ ìbòmú rẹ̀ kúrò. Ẹ ṣí i sí líítà 15 ní ìṣẹ́jú kan, ìṣẹ́jú márùn-ún kí ìtànṣán tó bẹ̀rẹ̀, kí ó sì máa lọ títí ìtànṣán yóò fi parí. Ẹ kọ́kọ́ tò ó sórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ ya àwòrán ìmúdájú ipò rẹ̀, kí ẹ tó ka ìṣẹ́jú márùn-ún náà. Bí ẹ bá ṣí gáàsì ṣáájú àwòrán, tí àwòrán sì wá fi hàn pé ẹ níláti sún un, aláìsàn ti rẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Ìbòmú tó bá ń jò kò wúlò, torí afẹ́fẹ́ yàrá ni yóò máa wọlé. Ẹ lo irú èyí tó ní àpò àti fáàfù tí kì í jẹ́ kí èémí padà wọlé. Fún orí òun ọrùn, níbi tí ìbojú onípílásítíìkì ti di orí mú, ìbòmú kò ní jókòó: ẹ gé ihò ẹnu sí i, kí aláìsàn fi ẹnu mu ọ̀pá, kí ẹ fi àgbámú pa imú rẹ̀. Ẹ ṣe ihò yẹn kí wọ́n tó ya CT ìṣètò. Bí ẹ bá gé e lẹ́yìn rẹ̀, ìbojú náà kò ní mú orí dáadáa mọ́. Ẹni tí àìsàn ẹ̀dọ̀fóró ti jẹ́ kí CO2 máa há sí lára kò gbọ́dọ̀ gbà á.

Nicotinamide: 40 sí 60 mg fún kílò kọ̀ọ̀kan, wákàtí kan ààbọ̀ sí méjì ṣáájú. Ẹni tó wọn kílò 60 yóò gba 3.6 g ní 60 mg. Ẹ ṣọ́ra níbi ìtajà oògùn o: nicotinamide ni, kì í ṣe nicotinic acid, èyí tó máa ń jẹ́ kí ara gbóná kó sì pọ́n. Èébì ló máa ń yọ wọ́n lẹ́nu jù, nítorí náà ẹ fún wọn ní oògùn èébì ṣáájú, ẹ sì dín in kù bó bá ṣì ń bì. Bí kíndìnrín kò bá dára, ẹ má fún un.

Ibi tó ti ń bàjẹ́ jù ni ìlà ìdúró. Aláìsàn ti gbé oògùn mì ní aago mẹ́jọ, ẹ̀rọ bàjẹ́, aago kan ọ̀sán ló tó dórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé tí ìdádúró bá ti ju wákàtí méjì lọ, kí ẹ tọ́jú aláìsàn náà láìsí pé ẹ tún oògùn fún un lọ́jọ́ kan náà.

Sìgá ńkọ́? Kò gba owó kankan. Carbon monoxide inú rẹ̀ ń di haemoglobin mú ju ọ́síjìn lọ ní ìlọ́po tó lé ní 200, tí a bá sì ń mí afẹ́fẹ́ lásán, wákàtí 4 sí 5 ni ìdajì rẹ̀ fi ń kúrò. Ìwádìí kan ní Kánádà (1993, aláìsàn 115, orí òun ọrùn) rí i pé nínú àwọn tó ń fa sìgá lọ nígbà ìtọ́jú, kókó 45% ló lọ pátápátá, 74% nínú àwọn yòókù. Lẹ́yìn ọdún méjì, 39% ló wà láàyè sí 66%. Ẹ fi ìbéèrè sìgá sójú káàdì ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀. Lọ́dọ̀ wa níbí, ẹ fi jẹnẹrétọ̀ ẹ̀bá fèrèsé àti iná èédú inú ilé kún un, torí gáàsì kan náà ni wọ́n ń tú jáde.

---

Akẹ́kọ̀ọ́-Ìtànṣán

Ẹ ṣeun púpọ̀, Mà. Ẹ ṣeun, Dókítà. Ó kù PCV àti EPO, Sà. Ọ̀gá kan ní ẹ̀ka wa fẹ́ kí gbogbo obìnrin dé PCV 36 kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, òmíràn ní ká má dúró de ẹ̀jẹ̀ rárá.

---

Dókítà-Jẹjẹrẹ

EPO kọ́kọ́: rárá. Ní 2003 wọ́n tẹ ìwádìí kan jáde ní Lancet, aláìsàn orí òun ọrùn 351 tí ẹ̀jẹ̀ wọn kò tó. Hb àwọn tó gba EPO gòkè bí wọ́n ṣe fẹ́, síbẹ̀ jẹjẹrẹ tètè padà sí wọn lára ju àwọn tó gba omi lásán lọ, wọ́n sì tètè kú. DAHANCA 10, tó lo darbepoetin (irú EPO kan), rí irú rẹ̀, wọ́n sì dá a dúró. Abẹ́rẹ́ yìí tún ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì nínú iṣan. Ẹ má kọ ọ́ sílẹ̀ fún ẹni tí ẹ ń fún ní ìtànṣán ìwòsàn.

Ní ti ẹ̀jẹ̀ fífà, òtítọ́ ni pé obìnrin tí Hb rẹ̀ wà ní 12 sókè nígbà ìtọ́jú ń ṣe dáadáa ju àwọn yòókù lọ, ìwádìí púpọ̀ ló sì rí i bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kókó tó tóbi ló ń dà ẹ̀jẹ̀ jù, nítorí náà apá kan nínú ìyàtọ̀ yẹn jẹ́ ti kókó, kì í ṣe ti ẹ̀jẹ̀. Ní orí òun ọrùn, fífa ẹ̀jẹ̀ sí àwọn aláìsàn DAHANCA 5 kò mú kí jẹjẹrẹ gbọ́ràn sí i. Èrò mi nìyí, fún ilé ìwòsàn tí ẹ̀jẹ̀ ti ṣọ̀wọ́n: PCV 30, ìyẹn Hb 10, ni kí ẹ fi ṣe ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ já sísàlẹ̀ rẹ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́ dé ọjọ́ brachytherapy tó kẹ́yìn. 36 dára bí ẹ bá rí i, ṣùgbọ́n ẹ má tìtorí rẹ̀ dá ìtọ́jú dúró.

Ẹ dá ẹ̀jẹ̀ dúró ní orísun kí ẹ tó máa rọ òmíràn sí i. Gọ́ọ̀sì tí ẹ kì sí ojú ara dáadáa, kí ẹ yọ ọ́ láàárín wákàtí 24. Tranexamic acid 1 g lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́, bí kò bá ní ìtàn ẹ̀jẹ̀ dídì. Bí kò bá dúró, ẹ tètè bẹ̀rẹ̀ ìtànṣán gan-an, torí òun náà ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró láàárín ọjọ́ mélòó kan. Páìǹtì kan ń gbé PCV àgbàlagbà sókè ní nǹkan bí 3, nítorí náà ẹni tó wà ní 22 ń fẹ́ mẹ́ta. Ẹ fà á ní ọjọ́ kan tàbí méjì ṣáájú ọjọ́ ìtànṣán. Ẹ̀jẹ̀ tó ti pẹ́ nínú fìríìjì ti pàdánù 2,3-DPG rẹ̀ (èròjà tó ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tú ọ́síjìn sílẹ̀), ó ń di ọ́síjìn mú kò fẹ́ tú u sílẹ̀, ó sì fẹ́ ọjọ́ kan sí mẹ́ta kó tó bọ̀ sípò. Ẹ wo PCV lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, ní òwúrọ̀ ọjọ́ cisplatin kan náà kí ẹ má bàa gún un lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ fún un ní oògùn irin láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ béèrè genotype kí ẹ tó tẹ̀ lé ìlànà yìí. Ẹni tó jẹ́ SS, ẹ má gbé PCV rẹ̀ kọjá 30 rárá: ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yóò ki, yóò máa dí iṣan, ọ́síjìn tí ẹ ń wá kò sì ní dé ibi tó ń lọ. Ẹ pe àwọn dókítà ẹ̀jẹ̀ sí i.

---

Oníṣirò-Gray

Mo fẹ́ fi ohun tí linac kan àti HDR kan lè ṣe kún un, torí àbúrò wa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé àwọn kò ní nǹkan kan lọ́wọ́, ó sì ní.

Àárín kókó ni ọ́síjìn ti sábà máa ń kéré jù, àárín yẹn náà sì ni brachytherapy ń kó ìtànṣán sí jù. 45 Gy ní ìpín 25 láti òde, lẹ́yìn náà 7 Gy ní ẹ̀ẹ̀mẹrin láti inú, ń fún etí kókó ní nǹkan bí 84 Gy tí a bá yí i sí ìpín 2 Gy pẹ̀lú α/β 10. Sẹ́ẹ̀lì tó súnmọ́ ọ̀pá gba èyí tó pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Kò sí linac tó lè ṣe ìyẹn láìjó ìfun àti àpò ìtọ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá fi ìtànṣán òde rọ́pò rẹ̀ nítorí pé ìlà HDR gùn ti ju irinṣẹ́ tó dára jù lọ fún àìtó ọ́síjìn nù.

Ìkejì ni àkókò. Gbogbo rẹ̀, brachytherapy mọ́ ọn, gbọ́dọ̀ parí láàárín ọjọ́ 56. Lẹ́yìn ìyẹn, ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ń gba nǹkan bí 0.5 sí 1% lára àǹfààní àtipa kókó. Ẹ mú ọjọ́ HDR kí aláìsàn tó gba ìpín àkọ́kọ́, ẹ má dúró di ọ̀sẹ̀ karùn-ún. Bí ẹ̀rọ bá bàjẹ́, ẹ fi ọjọ́ Sátidé dí i, tàbí kí ẹ fún un ní ìpín méjì lójúmọ́ kan, pẹ̀lú wákàtí 6 ó kéré tán láàárín wọn. Ẹ má fi ìpín ńlá kan dí ọjọ́ mẹ́ta: ìfun ni yóò san gbèsè rẹ̀, àkókò tí ọ́síjìn fi ń wọlé láàárín ìpín kan sí èkejì náà yóò sì sọnù.

Ẹ fi ibi tí nǹkan ń lọ sọ́kàn pẹ̀lú: ìmóoru 40 sí 43°C tí wọ́n fi kún ìtànṣán fún jẹjẹrẹ ẹnu ọ̀nà ilé ọmọ ní Nẹ́dálándì (wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2000) gbé àwọn obìnrin tó wà láàyè lẹ́yìn ọdún mẹ́ta láti 27% dé 51%. Ooru ń pa sẹ́ẹ̀lì tí kò ní ọ́síjìn, ó sì ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ṣàn wọlé. Ẹ̀rọ rẹ̀ ṣòro, ó sì fẹ́ òṣìṣẹ́ tirẹ̀. Carbon ion (ìtànṣán tí a fi ègé carbon ṣe) tí wọ́n ti ń lò ní Chiba ní Japan láti 1994 kò fi bẹ́ẹ̀ gbára lé ọ́síjìn. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìlànà iṣẹ́ yín ti ọdún yìí.

---

Akẹ́kọ̀ọ́-Ìtànṣán

Ẹ ṣeun gan-an, Sà. Ìbéèrè kan ló kù. Ẹnìkan ní ẹ̀ka wa ní nimorazole àti Flagyl jẹ́ ọmọ ìyá kan náà, Flagyl sì wà ní gbogbo kẹ́míìsì. Ṣé a kò lè máa fún wọn ní 400 mg kí wọ́n tó gun ẹ̀rọ?

---

Dókítà-Jẹjẹrẹ

Ìdílé kan náà ni lóòótọ́. Metronidazole gan-an wà lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ dán wò: Urtasun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Kánádà, 1976, lórí jẹjẹrẹ ọpọlọ glioblastoma. Ṣùgbọ́n 6 g fún mítà onígun mẹ́rin ara kọ̀ọ̀kan ni wọ́n lò. Ẹni tí ara rẹ̀ jẹ́ 1.6 m² yóò gbé nǹkan bí 9.6 g mì lẹ́ẹ̀kan, ìyẹn hóró 400 mg mẹ́rìnlélógún. Hóró kan kò ní ṣe nǹkan kan sí kókó. Mẹ́rìnlélógún yóò mú un bì, bí ó bá sì ń tẹ̀ lé ara wọn lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, iṣan ìmọ̀lára ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ni yóò máa bàjẹ́, bí misonidazole ṣe bà á jẹ́ débi tí wọ́n fi ní kí àpapọ̀ rẹ̀ má ju 12 g/m² lọ. Obìnrin tó ń gba cisplatin 40 mg/m² lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ sì ti ní oògùn kan tó ń ba iṣan kan náà jẹ́ lára tẹ́lẹ̀.

Bí kókó rẹ̀ bá ń rùn, tí kòkòrò ti wọ̀ ọ́, ẹ fún un ní Flagyl ní ìwọ̀n tí ẹ mọ̀, fún òórùn àti kòkòrò. Ẹ kọ ìdí yẹn sójú káàdì, kí ẹni tó bá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ yín má rò pé ti ìtànṣán ni.